Ewúrẹ́ Ṣí Ṣọ́ọ̀bù Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù Ewúrẹ́ ọlọ́ṣẹ, láàárín ìlú àwọn ẹranko.

Lọ́jọ́ tí Ewúrẹ́ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, Àkùkọ akéde fò sórí òrùlé, ó fi orin pe ìlú:

Lílé: Ewúrẹ́ ń pè yín o
Ègbè: Ẹ wá, ṣọ́ọ̀bù ti ṣí
Lílé: Ẹ̀pà ń bẹ, ọtí ń bẹ
Ègbè: Ẹ wá, ṣọ́ọ̀bù ti ṣí

Èrò rọ́ dé bí omi. Wọ́n ṣe àdúrà, wọ́n jẹ ẹ̀pà tán, wọ́n túká. Ewúrẹ́ wo pẹpẹ, ọṣẹ ò dín ẹyọ kan. Orí rẹ̀ dàrú.

"Àkùkọ, ṣebí gbogbo ìlú ló wá?"

"Wọ́n wá, ìyá. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣí."

Ewúrẹ́ kó ọṣẹ fún Òkété alẹ́pà, ó fi pààrọ̀ ẹ̀pà. Àkùkọ tún gbé orin. Èrò tún wá, wọ́n jẹ, wọ́n lọ. Ewúrẹ́ kó gbogbo ọṣẹ tó kù fi gba ẹ̀pà, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kẹta. Bákan náà ló rí.

Nígbà tí ilé dá, Ẹlẹ́dẹ̀ wọlé, ẹrẹ̀ bò ó dé etí.

"Ìyá ọlọ́ṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ọṣẹ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá, àwọn tó ń jẹ̀pà ló dí ẹnu ọ̀nà."

Ewúrẹ́ wo pẹpẹ, ó wo Ẹlẹ́dẹ̀. Èèpo ẹ̀pà nìkan ló kù nílẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé o: ẹni tó bá rí Ẹlẹ́dẹ̀ nínú àbàtà, kó má fi ṣẹ̀sín. Ó lọ ra ọṣẹ. Ayẹyẹ ni kò jẹ́ kó rí i rà.