Àmì Tí Ayọ̀dèjì Kò Fi Sídìí Lẹ́tà

Ọpọlọ Ayọ̀dèjì pé, ṣùgbọ́n wàdùwàdù rẹ̀ pọ̀ jù. Bó bá kọ Yorùbá, kì í fi àmì kankan sí i. Ẹnu Moyọ̀sọ́rẹ, olórí ikọ̀ olùwádìí rẹ̀ ní yunifásítì, fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe asà kan tó ń ṣí bí agboòrùn, tí kò ní jẹ́ kí iná jó ọkọ̀ òfuurufú kékeré bó bá ń já bọ̀ láti òkè ọ̀run. Tàjùdíìnì, wẹ́dà kan ní Òkókómáíkò, ló ṣe ọ̀pá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀. Yorùbá nìkan ló lè kà, nítorí náà Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ìwé àyẹ̀wò. Bí asà bá yege, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan lókè òkun yóò gbé e lọ sófuurufú, Ayọ̀dèjì ni yóò sì bá a dé òkè òkun. Gbogbo Ìbà, àdúgbò rẹ̀, ló ti gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yan asà náà níná láti dán an wò, ọ̀pá kẹta há. Ayọ̀dèjì nìkan ló rí i. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Opa keta ko si,” ó sì sáré lọ gba pásípọ́ọ̀tù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Tàjùdíìnì ka ìwé, ó ka ọ̀pá, mẹ́fà pé. Ó pè é lórí fóònù.

“Ayọ̀, ọ̀pá wo ni kò sí? Ó pé now!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà ṣe ohun tí mo kọ. Mo wà lórí queue, jọ̀ọ́.” Ó pa fóònù. Tàjùdíìnì tún ọ̀pá kà, kò rí èyí tó dín, ó sì dá asà padà bẹ́ẹ̀.

Ní pápá Ọ̀tọ̀-Àwórì, bàlúùnù gbé asà lọ sókè, ó sì jù ú sílẹ̀. Ọ̀pá márùn-ún ṣí. Ẹ̀kẹta kọ̀. Asà náà ń yí gbirigbiri títí ó fi lalẹ̀, ó sì fọ́ yángá.

Moyọ̀sọ́rẹ gbé ìwé sí Ayọ̀dèjì lójú. “Kà á!”

“Ọ̀pá kẹta kò ṣí.”

Tàjùdíìnì káwọ́ lérí. “Yéè! ‘Kò sí’ ni mo kà o!”

“Ọdún mẹ́ta, Ayọ̀dèjì!” Moyọ̀sọ́rẹ sọ ìwé náà mọ́lẹ̀.

Àwọn ará òkè òkun kò dúró. Wọ́n fi àyè inú rọ́kẹ́ẹ̀tì fún ẹlòmíì. Moyọ̀sọ́rẹ yọ orúkọ Ayọ̀dèjì kúrò nínú ikọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ asà tuntun, Ayọ̀dèjì wá bẹ̀bẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ṣùgbọ́n Tàjùdíìnì kò gbójú sókè. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: ọpọlọ pípé láìsí ìfarabalẹ̀, òfò ni. Ẹni tó bá kọ̀wé fún ọmọnìkejì, kó kọ ọ́ kó yéni, bí wọ́n bá sì bi í léèrè, kó dáhùn dáadáa. Ohun tí a fojú kékeré wò ló ń ba iṣẹ́ ńlá jẹ́.