Alassane, Ẹ̀jẹ̀ Imú, àti Hóró Bá-mi-kọbè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán ná, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín tó wà lóko.

1.
Ní ìlú Manigri, tí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ebè kọ, ẹ béèrè Alassane. Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún yín. Imú nìkan ló dá a lágara. Ẹran kéékèèké hù sí ihò méjèèjì, kò lè mí. Tó bá sùn, ará ilé kejì á rò pé wọ́n ń lọ àgbàdo.

Ìyàwó rẹ̀, Roukayatou, mú un lọ rí Dókítà Zouléha ní Bassila.

"Bàbá, màá ti kaméra tín-ín-rín bọ imú yín, màá gé ẹran náà. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀tá wa. Tó bá bo kaméra, mi ò ríran mọ́. Ẹ̀ ń lo oògùn kankan?"

"Èmi? Ara mi le bí ìrókò!"

"Asipirínì ńkọ́?"

"Rárá o."

2.
Ẹ má tíì pè é ní òpùrọ́. Hóró funfun kan wà tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, tí àwọn ọkùnrin wa ń pè ní bá-mi-kọbè. Wọ́n á dà á mì pẹ̀lú ẹ̀kọ, wọ́n á gbé ọkọ́. Lójú Alassane, oúnjẹ oko ni. Asipirínì sì ni! Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.

"Bàbá Yáyà, ẹ sinmi díẹ̀," ni Roukayatou wí fún ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Nígbà ebè? Kí la máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀, imú?"

3.
Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ní ilé ìwòsàn ńlá ní Parakou, oògùn ti mú Alassane sùn lọ fọnfọn. Kaméra wọlé, ẹ̀jẹ̀ ya. Pupa ni gbogbo ojú tẹlifísàn tí dókítà ń wò. Egungun tó wà láàárín inú imú àti ẹyinjú ò sì nípọn ju èèpo ẹyin lọ. Tí ọwọ́ bá ṣì, ojú lọ nìyẹn.

Ẹlòmíì á máa fi irin lé ẹ̀jẹ̀ kiri. Zouléha yọ irin tirẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló bá àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò.

"Ẹ gbé orí wọn sókè díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀."

Ó ki òwú tí wọ́n rẹ sínú oògùn tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì bọ imú náà, ó dúró. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, ó tún dúró. Ẹ wo sùúrù! Nígbà tó rí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, ó fi iná kékeré jó o pa.

Nọ́ọ̀sì jáde lọ bá Roukayatou. "Ìyá, oògùn wo ni wọ́n ń lò?"

"Wọn ò lo nǹkankan. Àfi bá-mi-kọbè, nígbà tí wọ́n lọ sóko lánàá." Ó tú hóró tó ṣẹ́kù jáde ní ìdí ìró rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó rí i pé asipirínì ni, ó sáré wọlé lọ sọ fún dókítà.

"Ẹ̀jẹ̀ yìí ò ní gbọ́ tiwa lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Zouléha wí. "A ti parí ihò kan. A ò ní fọwọ́ kan ìkejì."

Kéèyàn mọ ibi tó yẹ kó dúró, iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn.

4.
"Ojú mi ńkọ́?" ni Alassane kọ́kọ́ béèrè nígbà tó jí, tó gbọ́ bó ṣe lọ.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ihò ọ̀tún ti là. Ẹ máa padà wá fún tòsì. Ẹ má gbé ọkọ́ títí màá fi ní ó yá."

"Ebè mi ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n dá dúró, Bàbá. Mi ò mọ ebè kọ."

Koríko ló bo ìdajì oko Alassane lọ́dún náà. Ọ̀gá ebè wá ń ra iṣu jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ohunkóhun tó bá gba ọ̀fun yín kọjá, ìbáà ṣe hóró, ìbáà ṣe àgbo, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó gbé abẹ. Òun ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa dá dúró. Ẹni tó bá gbé àrùn pamọ́ ò lè rí oníwòsàn.