Ọmọ Ni Kí O Wò

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mátíróònù ti dá ẹni tuntun náà padà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kò mọ bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí ọmọ ké, ẹni tuntun sì ké ju ẹ̀rọ lọ. Òní ni ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nínú yàrá gbígbóná tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò ní sùúrù, àwọn tó wá sáyé kí oṣù wọn tó pé.

"Bí o bá tún kùnà," ni mátíróònù wí, "ojú mi yìí náà ni wàá ṣì máa rí. Ǹjẹ́ ìyà kan tún ju ìyẹn lọ?"

"Kò sí, Màmá."

"O tètè dáhùn jù."

Ẹni tuntun fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó fọ àárín ìka, ó fọ abẹ́ èékánná. Mátíróònù dúró tì í bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò tí kò sì fẹ́ rà á.

"Òrùka ńkọ́?"

"Mo bọ́ ọ sílé."

"Ọkọ rẹ ò bínú?"

"Ó ní bí n kò bá yege lónìí, òun máa wá bá yín fúnra òun."

"Kó máa bọ̀. Á fọ ọwọ́ kó tó bú mi."

Alága ni wọ́n ń pe ọmọ tó wà lórí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nítorí bó bá ti fajú ro, gbogbo yàrá á dìde. Ó bú sẹ́kún. Ẹni tuntun fi ife kékeré fún un ní mílíìkì díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kó gbé e mì. Nígbà tí ife fi máa gbẹ, iwájú gáùn rẹ̀ ti tutù.

"Alága lò ń bọ́ ni, àbí gáùn?"

Ẹni tuntun fi apá bo àyà. "Ẹ má bínú, Màmá."

"Gáùn ti yó. Gbé e léjìká kó gùnfẹ̀."

Dókítà kékeré kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ ò tíì jẹ́ kó lọ? Èmi ti fọwọ́ sí i láàárọ̀."

"Ìwé lo fọwọ́ sí, dókítà. Èèyàn lèmi fẹ́ fọwọ́ sí."

Dókítà rọra pa ilẹ̀kùn dé. Òun náà ti ṣe ìdánwò lọ́wọ́ obìnrin yìí rí.

Lójijì ni ẹ̀rọ ké. Ẹni tuntun kò wò ó. Ó wo àyà ọmọ, ó wo ètè rẹ̀, ó fi ìka ra á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Alága ta á nípàá. Ìgbà yẹn ló tó tọ okùn ẹ̀rọ lọ láti mọ ibi tó ti já. Ọwọ́ mátíróònù ló ti bá a.

"Okùn yìí ò já fúnra rẹ̀, Màmá."

"Lọ́jọ́sí, ẹ̀rọ lo sá lọ bá. Ṣé ẹ̀rọ ni kò mí?"

"Rárá. Ọmọ ni kí n wò."

Mátíróònù na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà pátápátá. Iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ kú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá..."

"Bó bá kí ni?"

"Bó bá gbàgbé láti mí."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Èmi."

"Ọmọ mélòó lò ń ṣọ́?"

"Ẹyọ kan."

"Èmi ń ṣọ́ mẹ́fà, mo tún ń ṣọ́ dókítà. Jókòó."

Ó jókòó. Ó tẹjú mọ́ àyà kékeré náà. Mátíróònù lọ, ó bọ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wúkọ́.

"O ò kí mi."

"Ọmọ ni mò ń wò."

"Aláìlẹ́kọ̀ọ́," ni mátíróònù wí. "O yege."

Ó tú okùn ìdánimọ̀ kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ Alága, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e lé ẹni tuntun lọ́wọ́, ó sì ní, "Ó yá, ìyá ọmọ, ẹ máa lọ sílé, bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fọ ọwọ́."