Ilé Tó Rí Bí Ẹ̀yìn Ìyá

Ṣíọ̀! Ilé tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò ló ń rí mi lára báyìí.

Wọ́n ń ṣí i lọ́wọ́. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìyá tó pọnmọ.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Kò sí ibi tí àga onítáyà lè gbà.

Orí àga onítáyà ni Màmá wà. Èmi ni mo ń tì í.

Ayàwòrán ilé náà dúró lókè láàárín àwọn èèyàn ńlá. Ó rí wa. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Màmá, ẹ gba ẹ̀yìn,” ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wí. “Ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí gbà tẹ́jú.”

A gba ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Òórùn ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Eṣinṣin ń bà lé Màmá lẹ́nu.

Ohùn ayàwòrán ilé ń jáde látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: “Ẹ̀yìn tí ìyá mi fi pọ̀n mí ni mo wò tí mo fi ya ilé yìí!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni máa wó ilé náà.



Màmá fọwọ́ lé eṣinṣin.

“Lọ bá mi sọ fún àbúrò rẹ pé ẹ̀yìn tó pọ̀n ọ́n ti dé. Ó wà lẹ́yìn, nídìí ààtàn.”