Pijó Tó Dún ní Àdúgbò Wa

Oṣù mẹ́jọ ni Mosúnmọ́lá fi tún Pijó bàbá rẹ̀ ṣe lẹ́yìnkùlé. Ní àárọ̀ Sátidé tó parí rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì sì dún. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ tó ń wa ara wọn kọjá lójú títì dúró, wọ́n sì yíjú sí géètì rẹ̀. Àwọn èrò inú wọn ń lu gíláàsì, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ò ṣí.

“Pa á,” ni Akínkúnmi, ọkọ rẹ̀, wí.

Ó pa á. Ọkọ̀ kankan ò kúrò. Èyí tó wà níwájú fohùn jẹ́jẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kó máa wí. A ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.”

Mosúnmọ́lá rí aládùúgbò rẹ̀ kan, aboyún, tó ń làágùn nínú ọkọ̀ náà. Ó tún yí kọ́kọ́rọ́.

Ilẹ̀kùn aboyún náà nìkan ló ṣí.