Oníbàárà Ọ̀sán Gangan

"Ṣé ẹnì kan ti kú sẹ́nu iṣẹ́ rí nítorí ooru?"

Hamdalah ló ń béèrè.

Páànù ni wọ́n fi kọ́ ìsọ̀ tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòtún.

Iná wà o, ṣùgbọ́n páálí la fi ń fẹ́ra.

Ṣàfíù, akẹgbẹ́ wa, da píọ̀ wọ́tà sórí. Omi náà ti gbóná kó tó dé ọrùn rẹ̀.

Oyún Hamdalah ti wọ oṣù kẹjọ.

"Òòyì ń kọ́ mi," ló wí. Ó di tábìlì mú.

Mo sáré bá ọ̀gá wa. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lo ẹyọ kan péré nínú ọjà yìí. Ẹ wo obìnrin yìí."

"Ọjà tuntun ni mò ń tà! Tí òṣìṣẹ́ bá ti lò ó, ó ti di tòkunbọ̀ nìyẹn. Oníbàárà nìkan ni mo lè jẹ́ kó dán an wò."

"Kó kúkú dákú, àbí?" Ṣàfíù ń kùn.

Hamdalah gbé báàgì rẹ̀, ó rọra jáde.

Mo rò pé ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ó dúró níta, ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó sì padà wọlé.

"Ẹ kú ọjà o, Alhaji. Mo wá rajà ni."

Alhaji lanu. Ta ló ń lé oníbàárà?

"Kí... kí lẹ fẹ́ rà, màdáàmù?"

Ó nawọ́ sí ọjà tó wà nínú ọ̀rá láti ilẹ̀ dé àjà, tó yí gbogbo wa ká.

"Fáànù ńlá yẹn. Ẹ bá mi tàn án. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè fẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́."