Afẹ́fẹ́ Ẹ̀yìn Pákó

“Yọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kúrò níbẹ̀!” Ìyá àgbà pariwo láti orí àga rọ́bà rẹ̀ nínú oòrùn Sokoura, àdúgbò kan ní Bouaké. “Kan pákó mọ́ ògiri gbágbá. Àbí eku lò ń kọ́lé fún?”

Jonas káfíńtà sọ òòlù kalẹ̀. “Màmá, bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí léṣìí. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí pákó?”

“Ó jẹrà. Òjò Bouaké ló burú.”

“Omi tó wọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò rọ́nà jáde. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni yóò gbé pákó kúrò lára ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá. Màá fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí ìsàlẹ̀ nítorí eku. Bí ẹ bá kọ̀, mo ń lọ síbi iṣẹ́ mi ní Botro. Òjò ti dé tán.”

“Máa lọ! Afẹ́fẹ́ wo ló gba àárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi kọjá rí? Ṣé a jẹrà ni?”

Jonas rẹ́rìn-ín, ó ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́. Ìyá àgbà dìde láti lé e jáde. Àga bá a dìde. Ó gbọn ìdí sọ́tùn-ún, ó gbọ̀n ọ́n sósì, àga ò já. Jonas ló bá a fà á, ó dún fàà.

Ìyá fọwọ́ kan ìró rẹ̀. Iwájú gbẹ táútáú, ẹ̀yìn tó lẹ̀ mọ́ àga rin gbindin fún òógùn. Ó wo pákó, ó wo àga, ẹ̀rín sì pa á débi tó fi di ògiri mú.

“Kan igi rẹ, ọmọ mi,” ló wí. “Tó o bá ṣe tán, kan díẹ̀ mọ́ àga yìí náà.”